Bátìrì Mẹ́rin fún Ọkọ̀ Mọ́kànlá

Ótijí kú ní Ọjọ́bọ̀ kan, nígbà tí aago méjì ọ̀sán ti kọjá díẹ̀, lẹ́bàá ọ̀nà eléruku kan ní orílẹ̀-èdè tí kì í ṣe tirẹ̀, níbi tí wọ́n rán an lọ kó lọ bá onílé pa iná ìjà. Ìbọn bà á ní itan. Itan ni mo wí o, kì í ṣe orí, kì í ṣe àyà. Dókítà tó yẹ òkú rẹ̀ wò ní ká ní ó dé ilé ìwòsàn láàárín wákàtí kan ni, tiro ni ì bá máa tiro lónìí, ì bá sì ti dúró lójú fèrèsé mi báyìí tó ń bú mi pé mi ò wo ọ́ìlì mọ́tò mi. Áńbúláǹsì wà ní bárékè wọn, kìlómítà mẹ́sàn-án péré sí ibi tó ṣubú sí. Wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà funfun, ó ń dán. Dírẹ́bà ti jókòó sí i. Ohun kan ṣoṣo ni kò sí nínú rẹ̀, bátìrì.

Ẹ má bẹ̀rù, bátìrì náà ò sọnù. Ó wà nínú ọkọ̀ kẹsàn-án, níbi tí Ótijí fúnra rẹ̀ gbé e sí láàárọ̀ ọjọ́ náà nítorí pé ọ̀gá pàṣẹ. Àwọn alábẹ̀wò wá láti òkè òkun láti gbọ́ bóyá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kẹsàn-án ń dún. Wọ́n sì gbọ́ ọ. Ó dún dáadáa. Inú gbogbo èèyàn dùn.

Ótijí kọ́ ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Sójà ni, mẹkáníìkì àwọn sójà, yàrá rẹ̀ àti tèmi sì kọjú síra fún ọdún méje. Nígbàkígbà tó bá jí ẹ́ńjìnnì tí gbogbo ayé ti sọ̀rètí nù lórí rẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì, á wá pariwo pé, "Ó ti jí!" Àwọn ọmọ inú ọgbà wa ló fi ariwo yẹn pè é títí ìyàwó rẹ̀ náà fi gbà. Èmi ni oníbàárà rẹ̀ tó ya ahun jù. Mẹkáníìkì mẹ́ta ló ti ní kí n lọ ta mọ́tò mi fún àwọn tó ń ra irin kí ó tó kó wá sí ọgbà wa.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ní mọ́tò yìí ti kú?"

"Mẹkáníìkì mẹ́ta."

"Irọ́ ni wọ́n ń pa. Mọ́tò kì í kú, ẹni tó ni ín ló máa ń sú."

Ó fa búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbígbó kan yọ nínú àpò àyà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha orí bátìrì mi, níbi tí nǹkan funfun ti hù sí bí ẹ̀fun. Gbogbo àárọ̀ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọkọ̀ tó bá wà lábẹ́ rẹ̀, kódà kó tó fọ ẹnu ara rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ máa ń ní, "Ẹ bá mi bi í o, búrọ́ọ̀ṣì wo ni ti bátìrì, èwo ni tiẹ̀?" Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní àwọn méjèèjì ń jùmọ̀ lò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì yìí sọ́kàn. A máa padà dé ibẹ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ń pín ìnáwó àlàáfíà láàárín ara wọn, torí ọ̀rọ̀ tó rọrùn ni, àwọn tó ń jẹ lábẹ́ ẹ̀ ló sọ ọ́ di líle. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ibì kan. Gbogbo ayé ní àánú ṣe àwọn. Wọ́n jókòó sínú gbọ̀ngàn tútù kan, Àjọ Alálàáfíà ni kí á pe àwọn tó jókòó yẹn, wọ́n ní kí oníkálukú mú ohun tó ní wá. Àwọn orílẹ̀-èdè olówó ní àwọn máa mú owó wá. Àwọn kan ní àwọn máa mú ìmọ̀ràn wá. Àwa tí a ò ní owó, tí ẹnikẹ́ni ò sì béèrè ìmọ̀ràn wa rí, àwa mú ọmọ wá. A kó wọn sínú ọkọ̀ funfun, Àjọ ní òun á máa san owó oṣù lórí ẹni kọ̀ọ̀kan àti owó háyà lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ọkọ̀ náà bá ṣáà ń ṣiṣẹ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àbí? Òótọ́ ni. Ọwọ́ tiwọn ni, àyà tiwa ni wọ́n ń lù.

Ètò náà dára. Bí mo bá ní kò dára, mo purọ́. Ohun tó kàn ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó ní òun máa mú owó wá kò mú un wá. Ọ̀kan nínú wọn jẹ gbèsè ọdún méjì gbáko, ó ní àwọn aṣòfin òun ò tíì jókòó lé e lórí. Àmọ́ ó dìde lọ́dọọdún, ó sọ̀rọ̀ lórí bí àlàáfíà ṣe ṣe pàtàkì tó, ọ̀rọ̀ náà gùn débi pé ògbufọ̀ mu omi lẹ́ẹ̀mejì kó tó tán. Àwọn ọ̀gá tiwa náà ò gọ̀. Wọ́n ní, ẹni tí kò sanwó pé, ṣé ọkọ̀ tuntun la máa gbé fún un ni? Wọ́n lọ sí ẹ̀yìn bárékè, níbi tí adìẹ ti ń yé ẹyin sínú ọkọ̀ ogun láti ọjọ́ tó ti pẹ́, wọ́n lé adìẹ, wọ́n kó ẹyin, wọ́n ra ọ̀dà. Ọ̀dà funfun ò wọ́n. Báyìí ni onígbèsè àti òpùrọ́ ṣe jókòó ti tábìlì kan náà, tí wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́, tí wọ́n ń ya fọ́tò.

Kí n tó máa naka sí ẹlòmíì, èmi náà jẹ níbẹ̀. Lójú ewé ìwé ìròyìn yìí kan náà, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo kọ ọ́ pé kí gbogbo wa gbérí sókè, pé orílẹ̀-èdè wa wà lára àwọn tó rán ọmọ ogun alálàáfíà jù lọ láyé. Mo tiẹ̀ lo ọ̀rọ̀ náà "ẹ̀bùn wa fún ìran ènìyàn." Ótijí gé ojú ewé náà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri yàrá rẹ̀, oṣù tó tẹ̀ lé e ló lọ. Ó ṣì wà níbẹ̀. Mi ò lè wo apá ibẹ̀ mọ́ tí mo bá wọ yàrá náà.

Oní-rédíò wọn ló sọ ìyókù fún wa. Òun ló máa ń jókòó ti ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ní bárékè wọn. Nígbà tó dé, ó wá kí ìyàwó olóògbé, ó jókòó sí etí àga bí ẹni tó fẹ́ sá. Ìyàwó Ótijí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn kan, aṣọ bẹ́ẹ̀dì ló ń lọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kì í lè dúró láìṣe nǹkan. Bí ọkùnrin náà ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń ká aṣọ tó ti ká tẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó dojú kọ mí, torí kò lè wo ojú obìnrin náà, "ọkọ̀ mọ́kànlá la ní. Bátìrì tó ń ṣiṣẹ́, mẹ́rin."

"Báwo wá ni ẹ ṣe ń yege nínú àbẹ̀wò?"

"Tíì ni."

Mo rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ṣé ẹ mọ̀, lóṣù mẹ́ta mẹ́ta ni àwọn alábẹ̀wò Àjọ máa ń wá, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Wọn á dúró síwájú ọkọ̀, wọn á ní kí wọ́n ṣíná. Bó bá dún, wọ́n á fàmì sí i, owó háyà wọlé. Ìwé wọn ò béèrè bóyá ó ń rìn. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọkọ̀ kẹsàn-án, tí jíà rẹ̀ ti kú tipẹ́, máa gba owó oṣù bí òṣìṣẹ́ ìjọba. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọkọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọ̀gá tó ń rí sí ọkọ̀ wọn, Ọ̀gá Mọ́tò ni gbogbo wọn ń pè é, á nu ojú rẹ̀, á ní, "Oòrùn yìí mà pọ̀ o, ẹ jẹ́ ká lọ mu tíì díẹ̀." Wọn á wọ ọ́fíìsì lọ. Tíì, bisikíìtì, ẹ̀rín. Láàárín ìgbà yẹn, Ótijí á fi píláyà tú bátìrì nínú èyí tí wọ́n ti gbọ́, á gbé e lọ sínú èyí tí wọn ò tíì gbọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ọ̀kan ń gbà á. Ọ̀gá Mọ́tò ní orúkọ tó rẹwà fún ètò náà. Ó pè é ní àjùmọ̀lò.

Ẹ wo ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fi jíǹkí ọmọkùnrin yìí, ẹ wá wo ohun tí wọ́n fi í ṣe. Ẹni tó lè jí òkú ẹ́ńjìnnì, iṣẹ́ rẹ̀ di kó máa sáré láàárín òkú mọ́kànlá, kí wọ́n lè máa ṣojú ayé.

Ṣé ẹ rò pé àwọn alábẹ̀wò ò mọ̀? Ẹ gbà mí o! Oní-rédíò ní ọ̀kan nínú wọn gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tó ti gbọ́ tẹ́lẹ̀, ó wo ilẹ̀ níbi tí wọ́n ti wọ́ bátìrì kọjá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Tíì yín dùn gan-an." Kí ni ẹ fẹ́ kó ṣe? Tó bá kọ òótọ́ sílẹ̀, inú á bí wa, a ó kó àwọn ọmọ wa padà sílé. Tí a bá kó wọn padà, ta ló máa lọ rọ́pò wọn? Ṣé ọmọ tirẹ̀ ni? Nítorí náà, ó jẹ bisikíìtì rẹ̀.

Ótijí kọ lẹ́tà lẹ́ẹ̀mẹta pé kí wọ́n ra bátìrì. Lórí ìwé onílà ló kọ ọ́, oní-rédíò ló bá a yẹ èdè ibẹ̀ wò. Ọ̀gá Mọ́tò ní ó ti wọ fáìlì. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn gan-an, ó bẹ̀ ẹ́.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n fi ti áńbúláǹsì sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ti ọkọ̀ yín lọ sínú kẹsàn-án."

"Wọ́n ti gbọ́ áńbúláǹsì. Wọ́n ti fàmì sí i."

"Bí ẹnì kan bá wá ṣàìsàn ńkọ́, sà?"

"Ta ló ń ṣàìsàn? Ṣé ìwọ lò ń ṣàìsàn ni?"

Ó gbé e.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn nínú ìwé ńláńlá pé ṣé rírán sójà alálàáfíà ń ṣiṣẹ́ ni àbí kò ṣiṣẹ́. Wọn ì bá ti wá bi Ótijí. Ohùn rẹ̀ wà nínú fóònù mi, mo ti gbọ́ ọ tó ogún ìgbà: "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ yìí ń ṣiṣẹ́ o! Ibi tí ọkọ̀ wa bá dúró sí, àwọn ọmọdé máa ń jáde wá gbá bọ́ọ̀lù. Tí a bá ti kúrò, wọ́n á gbé bọ́ọ̀lù wọn wọlé. Tí ọkọ̀ wa bá dé, àlàáfíà dé. Kí ọkọ̀ dé yẹn gan-an ni wàhálà." Mo gbé e kalẹ̀ fún àwọn ọ̀mọ̀wé lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọkọ̀ kan ló dé ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Ótijí àti sójà méjì ń fi í fa tánkà omi lọ sí abúlé tí kànga rẹ̀ ti bàjẹ́. Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn kan yìnbọn láti inú igbó, wọ́n fọ́ táyà ọkọ̀ wọn, wọ́n fọ́ tánkà, omi sì dà sílẹ̀. Wọ́n ta á nítan, wọ́n sá lọ. Àwọn méjì yòókù fi bẹ́líìtì di itan rẹ̀, wọ́n ké sí bárékè. Nínú bátìrì mẹ́rin, ọ̀kan wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n ti fọ́ táyà rẹ̀ yẹn. Méjì wà nínú ọkọ̀ Ọ̀gágun tó ń darí wọn àti ti Ọ̀gá Mọ́tò, tí wọ́n fi ń sin àwọn alábẹ̀wò lọ sí pápákọ̀ òfuurufú, torí àlejò ni wọ́n, ó yẹ ká sìn wọ́n. Ẹ̀kẹrin wà nínú ọkọ̀ kẹsàn-án, tí ń dún tí kì í rìn.

Ótijí ló kọ́kọ́ rántí. Oní-rédíò ní òun gbọ́ ọ tó ń sọ ọ́, bíi pé òun ló wà ní bárékè, àwọn ló wà nínú eruku. "Ẹ lọ sí kẹsàn-án. Bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í ṣí. Wáyà dúdú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ọ̀tún, ẹ fà á sókè, ẹ má fà á síwájú." Dírẹ́bà áńbúláǹsì sáré lọ, ó sáré padà, ó ní wọ́n fi wáyà so orí bátìrì, kò tú. Oní-rédíò bi Ótijí pé píláyà dà.

"Píláyà wà lápò mi níbí," Ótijí dáhùn. "Ẹ lo ọ̀bẹ. Ẹ rọra, ẹ má já a."

Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùndínlọ́gọ́ta ni wọ́n fi ṣe ohun tí Ótijí ń fi ìṣẹ́jú mẹ́rin ṣe. Nígbà tí áńbúláǹsì dún níkẹyìn, oní-rédíò na ẹ̀rọ náà jáde lójú fèrèsé kí Ótijí lè gbọ́ ọ. Ó gbọ́ ọ. Ó ní, "Ó ti jí," wẹ́rẹ́ báyìí, kò pariwo. Lẹ́yìn ìyẹn, kò dá wọn lóhùn mọ́.

Ìyàwó rẹ̀ ti dẹ́kun aṣọ kíká nígbà yẹn. Ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ." Ohun tó sọ nìyẹn. Èmi ni mo sunkún nínú yàrá yẹn, ojú ò tì mí láti sọ ọ́.

Ẹ wá gbọ́ ìwé ìwádìí. Ojú ewé méje ni, ó ní èèpo tó nípọn. Ìpínrọ̀ kẹrin, ìlà kejì: "Ọkọ̀ ìtọ́jú kò tètè gbéra nítorí pé mẹkáníìkì ikọ̀ náà kò bójú tó o bó ṣe yẹ." Ẹ ò rí i bí ọ̀ràn ṣe tán wẹ́rẹ́? Ẹni tó jẹ̀bi ti kú. Kò ní pẹjọ́. Ọ̀gá Mọ́tò fọwọ́ sí i, Ọ̀gágun fọwọ́ sí i, àwọn ará Àjọ fọwọ́ sí i, àwọn orílẹ̀-èdè olówó kà á, wọ́n mi orí. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí gbogbo wọn máa dá nǹkan kan pé láìjẹ gbèsè. Wọ́n dá ẹ̀bi jọ, wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ ru ọkùnrin kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn náà, wọ́n pe ayẹyẹ. Wọ́n fi aṣọ funfun bo àga, funfun ṣá ni tiwọn. Òṣèlú kan tí kò mọ Ótijí rí ní ìfẹ́ tí òun ní sí i kò ṣeé fẹnu sọ, ó sì fi ìdajì wákàtí sọ ọ́. Wọ́n gbé mẹ́dàlì jáde nínú àpótí kékeré. Òkú ò mọ iye a ràgọ̀, àmọ́ ìyàwó òkú mọ̀wé kà. Obìnrin tó ń lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì rìn lọ síwájú, kò na ọwọ́ gba àpótí, ó gba makirofóònù.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ẹ yọ ìlà kejì yẹn kúrò, kí ẹ tó fún mi ní irin."

Ó padà wá jókòó. Ẹgbẹ́ olórin fi ìkánjú bẹ̀rẹ̀ orin.

Àwọn èèyàn ń bi mí pé kí ló kan ìlà kan. Ìyàwó olóògbé ò bá wọn jà lórí owó, kí wá ló ń fẹ́? Èsì ni pé ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, dé láti ilé ìwé lọ́jọ́ kan, ó ní ọmọ ọ̀gá sójà kan sọ fún òun pé bàbá òun ló ba áńbúláǹsì jẹ́ tó fi kú. Ìlà kan náà ló máa bá a dàgbà. Yóò bá a lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Kò sí ọ̀dà funfun tí wọ́n lè fi kùn ún.

Nítorí náà, mo ń béèrè, mi ò sì bẹ̀bẹ̀. Ẹ fa lẹ́tà mẹ́ta yẹn yọ nínú fáìlì, ẹ kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn. Kí Ọ̀gá Mọ́tò wá sọ ẹni tó kọ́ ọ ní àjùmọ̀lò, kí Ọ̀gágun wá sọ ìgbà tó mọ̀. Kí alábẹ̀wò tó fẹ́ràn tíì wá sọ ohun tó rí nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kí orílẹ̀-èdè tó jẹ gbèsè san gbèsè rẹ̀, kí ó fi ọ̀rọ̀ gígùn rẹ̀ pamọ́. Kí tiwa náà má sì tún kó ọmọ ẹnikẹ́ni sínú ọkọ̀ tí kò lè gbé e padà wálé. Bí àwọn alábẹ̀wò bá sì tún fẹ́ lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n ní kí dírẹ́bà mọ́kànlá jókòó sínú ọkọ̀ mọ́kànlá, kí wọ́n ṣíná lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sì rìn yí bárékè ká. Kò gba ọ̀mọ̀wé. Kò gba tíì.

Wọ́n kó ẹrù rẹ̀ wálé nínú àpò kan. Búrọ́ọ̀ṣì yẹn wà nínú rẹ̀, irun rẹ̀ ti jẹ tán, nǹkan funfun orí bátìrì ṣì wà lára rẹ̀. Ẹni tí kò bójú tó ọkọ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo jáde, mo bá ọmọbìnrin náà tó gun orí bọ́kẹ́ẹ̀tì níwájú mọ́tò mi, tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì bàbá rẹ̀ ha orí bátìrì.

"Bàbá àgbà, ẹ ṣíná."

Mo ṣíná. Ẹ́ńjìnnì dún lójú ẹsẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ń retí ariwo yẹn. Kò pariwo. Ó wò mí gba inú gíláàsì, ó ní, "Ṣé wọ́n ti yọ ìlà yẹn?"

Mo ní wọn ò tíì yọ ọ́. Ó ní kí ló dé. Ẹ̀yin tí ẹ fọwọ́ sí i, ilé wa kò jìnnà, ọmọ náà sì máa ń ti ilé ìwé dé ní aago méjì ọ̀sán. Ẹ wá dá a lóhùn.